Ta Ni Àṣẹ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Lóru? Àgbéyẹ̀wò Ètò Pàjáwìrì Níbi Iṣẹ́, láti Abuloma

Abuloma jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú Òkírìkà tí Port Harcourt gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn, tó sì gbé wọn mì. Orí omi ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹun kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Lónìí, títì tó ti Trans-Amadi, àdúgbò iléeṣẹ́ ìlú náà, wá ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ àti táńkà dísù wọlé síbẹ̀, àwọn yáàdì sì wà létí omi: ibi tí àwọn jórinjórin ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun, ibi tí wọ́n ti ń fọ inú táńkà. Iná, gáàsì, iná mànàmáná, omi àti irin tó wúwo, gbogbo wọn ló pàdé nínú ọgbà kan ṣoṣo, ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́yìn ògiri.

Bí èèyàn bá wọ ọ́fíìsì irú yáàdì bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó fojú kan ìwé ètò pàjáwìrì. Iléeṣẹ́ epo ńlá kì í gbé iṣẹ́ fún kọńtírátọ̀ tí kò bá ní i, nítorí náà kò wọ́n. Àwòrán ọgbà wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà nínú rẹ̀, orúkọ ọ̀gá àgbà sì wà lókè pátápátá. Ohun tó máa ń ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan: bí iná bá ṣẹ́ yọ ní aago méjì òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ta ni nínú àwọn tó wà nínú ọgbà ní wákàtí yẹn ló lè pa ẹ̀rọ, kó ṣí géètì, kó sì lé gbogbo èèyàn jáde, láì kọ́kọ́ pe ọ̀gá kankan lórí fóònù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò pọ̀. Pípín iṣẹ́ sílẹ̀ de ọjọ́ pàjáwìrì kò já mọ́ nǹkan kan bí a kò bá pín àṣẹ mọ́ ọn, ẹni tó wà níbẹ̀ ní wákàtí náà ló sì yẹ kí a pín àṣẹ náà fún. Àwọn tó ti kọ́ ọ kọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀mí èèyàn, ní ọ̀nà jíjìn àti nílé wa níbí.

Àwọn oníṣẹ́ epo kò lè gbàgbé Piper Alpha, pèpéle epo tó wà lójú Òkun Àríwá, lápá Scotland. Ní ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, wọ́n tú fáàfù ààbò kan kúrò lára ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tó ń fa gáàsì olómi, wọ́n fi pẹlẹbẹ irin dí ojú ibẹ̀, ṣíìfù ọ̀sán sì parí. Ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ tó yẹ kó sọ fún àwọn tó gba iṣẹ́ lálẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò ṣeé tan kò dé ọwọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ kejì kọṣẹ́, wọ́n tan àkọ́kọ́. Gáàsì jò, ó sì gbiná. Èèyàn 226 ló wà lórí pèpéle náà. Ẹni 61 péré ló yè. Bí a bá ka àwọn agbẹ̀mílà méjì tó bá a lọ mọ́ ọn, èèyàn 167 ló kú.

Ìbúgbàù àkọ́kọ́ kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ètò tó wà nílẹ̀ sọ pé kí gbogbo èèyàn péjọ síbi ibùgbé, kí wọ́n máa retí hẹlikópítà. Wọ́n péjọ lóòótọ́. Èéfín ti bo ojú ibi tí hẹlikópítà yóò bà sí, ọ̀gá tó ń darí pèpéle náà kò sì pa àṣẹ mìíràn fún wọn. Àwọn tó jókòó de àṣẹ kú sínú èéfín. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè ni àwọn tó tàpá sí ètò, tí wọ́n wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì bẹ́ sínú òkun. Èyí tó ń dun èèyàn jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn pèpéle méjì tó wà nítòsí, Claymore àti Tartan. Wọ́n mọ̀ pé Piper ń jó. Síbẹ̀, wọn kò dá epo àti gáàsì tó ń lọ sínú páìpù tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn dúró lásìkò. Claymore ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó wà ní etíkun kó tó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọwọ́ tó lè pa á wà níbẹ̀, àṣẹ ni kò sí lọ́wọ́ náà, tàbí kí n sọ pé ẹni tó ni ọwọ́ náà kò gbà gbọ́ pé òun ní àṣẹ. Lójú tèmi, ìkan náà ni méjèèjì. Nígbà tí Adájọ́ Cullen parí ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1990, ó dá àbá 106, àwọn iléeṣẹ́ epo káàkiri ayé sì yí bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀gá pèpéle àti bí wọ́n ṣe ń dán an wò padà.

Bí wọ́n sì ti yí i padà tó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Deepwater Horizon, ọkọ̀ tó ń gbẹ́ kànga epo, gbiná ní Ọ̀gbun Mẹ́síkò, èèyàn 11 sì kú. Níbẹ̀, àṣẹ wà lọ́wọ́ kápútẹ́ènì bí ọkọ̀ náà bá ń rìn, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn bí wọ́n bá so ó mọ́ kànga. Ní alẹ́ yẹn, kò yé àwọn òṣìṣẹ́ dáadáa èwo nínú àwọn méjèèjì ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká máa wo òkèèrè nìkan. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ lórí pípín iṣẹ́ àti àṣẹ wáyé ní Nàìjíríà, ó sì kan Port Harcourt.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer ti Làìbéríà sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, ó sì ṣubú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí First Consultants ní Obalende, ilé ìwòsàn aládàáni. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló fura pé Ebola ni. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó máa lọ. Ó kọ̀. Ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ìsinmi gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ náà ìbá bọ́ sí, ìdáhùn rẹ̀ kò ní yí padà, nítorí pé dókítà àgbà nílé ìwòsàn yẹn ni, àṣẹ pé kí aláìsàn lọ tàbí kó má lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lò ó. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá yáàdì kà dáadáa. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Àjọ Ìlera Àgbáyé, àwọn ará Amẹ́ríkà, oníkálukú ló dé pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí a ṣe máa ń ṣe ni, ìpàdé ni ìbá gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 ni Nàìjíríà ti ní ibùdó ìdarí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gbógun ti rọpárọsẹ̀. Wọ́n mú Dókítà Faisal Shuaib láti ibẹ̀, wọ́n sì fi òun nìkan ṣe olórí ibùdó ìdarí Ebola. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́fà: àwọn tó ń tọpa ẹni tó ti fara kan aláìsàn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu ibodè, àti àwọn tó ń ṣe kòkáárí gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú tirẹ̀. Ẹni tó ń tọpa kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kan lára àwọn tó ti fara kan Sawyer yọ́ jáde ní Èkó, tó lọ gba ìtọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Port Harcourt, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ìlú ńlá kejì tún ti wọ inú ewu. Èyí tó pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Rivers, nítorí pé ètò náà ti wà, wọ́n kàn gbé irú rẹ̀ síbẹ̀ ni. Gbogbo àwọn tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà jẹ́ 20, àwọn 8 kú, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwa aláwọ̀ dúdú kò lè tẹ̀ lé ètò, oṣù mẹ́ta yẹn ni mo máa ń rán an létí.

Irú pípín àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí Yorùbá rárá. Ẹni bá mọ bí wọ́n ṣe ń to ogun ní Ìbàdàn mọ̀ pé Balógun kì í dá nìkan wà: Ọ̀tún Balógun ń bẹ, Òsì ń bẹ, Ẹkẹrin àti Ẹkarùn-ún ń bẹ. Oyè wọ̀nyí kì í ṣe fún ẹ̀yẹ lásán. Ọ̀nà láti mọ ẹni tí ó kàn ni, kí ọfà tó ba ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú ní ibùdó ogun Kírìjì ní ọdún 1885, ibùdó náà kò tú. Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹkún gba ìdarí, ogun náà sì ń bá a lọ. Ohun tí àwọn ará California fi orúkọ Incident Command System ṣe lẹ́yìn tí iná igbó pa èèyàn 16 lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1970 kò jìnnà sí èyí: olórí kan ṣoṣo, ìgbákejì tí gbogbo ayé mọ̀, kí èèyàn kan má sì máa darí ju ẹni mẹ́ta sí méje lọ tààrà. Márùn-ún ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Kí wá ni òfin wa sọ? Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987, tó wà nínú àkójọ òfin 2004, sọ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ṣì wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí kò fi ní ṣeé ṣí wéré láti inú. Ó sọ pé kí àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà, kí ó sì wà lábẹ́ àkóso ẹni kan tó ṣeé dá lẹ́bi bí ó bá ṣófo. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o, kí ìtọ́jú àti ẹ̀san má bàa di ẹ̀bẹ̀. Ti epo ní ìlànà ààbò tirẹ̀ láti ọdún 1963, àwọn àjọ tí òfin epo ọdún 2021 dá sílẹ̀ ló sì ń bójú tó o báyìí. Òfin tuntun kan tí ìbá kárí gbogbo ibi iṣẹ́, ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n kò di òfin. Òfin tó wà nílẹ̀ kò pé, síbẹ̀ ó tó láti gba ẹ̀mí là bí a bá pa á mọ́.

Ìkòròdú jẹ́rìí sí èyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odogunyan ní òru, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù alẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló jóná kọjá ibi tí ẹbí fi lè dá wọn mọ̀. Òfin tó kọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti pé ọdún 15 nígbà yẹn. Ẹ̀rù olè ló sábà máa ń mú kí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn lóru, ẹ̀rù olè kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ta, àti pé kí ni wọ́n sọ fún un pé kó ṣe bí ó bá gbóòórùn èéfín.

Mo béèrè nítorí pé ìbéèrè náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní géètì gbogbo yáàdì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì lóru kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ni yáàdì. Kọńpìnnì sẹ́kúríti ló rán an wá, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì pàṣẹ pé kó má ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ àyàfi tí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀. Port Harcourt ní ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó ní ajínigbé, nítorí náà àṣẹ yẹn mọ́gbọ́n wá. Ọjọ́ tí iná bá sọ, àṣẹ kan náà ni yóò há èèyàn mọ́ inú ọgbà. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lóru, àgbà kò sí lọ́jà. Ọlọ́dẹ ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ nínú gbogbo ọgbà, tí kò sí nínú ìpàdé ààbò, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ńlá yẹn. Bí mo bá ní agbára láti yí ohun kan ṣoṣo padà nínú gbogbo ètò pàjáwìrì Abuloma, èyí ni n ó yí padà: kí ìwé àdéhùn tí wọ́n bá kọńpìnnì sẹ́kúríti ṣe sọ ọ́ kedere pé bí agogo iná bá dún, ọlọ́dẹ ni ó ni géètì, kó ṣí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè lọ́jọ́ kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ni ẹnì kan ṣèèṣì tẹ agogo náà.

Iṣẹ́ tó kù, ẹ jẹ́ ká fi ojú yáàdì kan wò ó. Ká sọ pé èèyàn ọgọ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án, mẹ́sàn-án ló sì kù lóru: ọlọ́dẹ méjì, ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, jórinjórin mẹ́rin tó fẹ́ parí iṣẹ́ ọkọ̀ kan kó tó di òwúrọ̀, fọ́ọ̀mànù wọn, àti ẹni tó sùn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìwé náà sọ pé mánẹ́jà ni olórí, òṣìṣẹ́ ààbò (HSE) ni ìgbákejì. Àwọn méjèèjì wà nílé wọn. Nítorí náà, kò sí olórí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí olórí òru jẹ́ fọ́ọ̀mànù, bí kò bá sí nítòsí kó jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, bí òun náà bá fara pa kó jẹ́ ọlọ́dẹ àgbà. Ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ló mọ ibi tí iná mànàmáná àti dísù ti ń wá, òun ló sì yẹ kó pa wọ́n. Kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ni yóò pe 112 àti àwọn panápaná. Ẹlòmíràn ni yóò lọ dúró lójú títì láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Kò rọrùn fún awakọ̀ tí kò mọ Abuloma láti mọ géètì kan yàtọ̀ sí èkejì nínú òkùnkùn. Wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà yóò sọ lórí fóònù sílẹ̀: ibo ni, kí ló ń jó, èèyàn mélòó ló fara pa, ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà. Ẹ̀rù máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, bébà kì í gbàgbé. Kí wọ́n sì mọ ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ lè dé. Ẹni tó bá ti rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Trans-Amadi ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èyí tó ń sọ bóyá iná yóò kú tàbí yóò gbilẹ̀, ọwọ́ àwọn tó wà nínú ọgbà ló wà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ẹni tó máa fa ẹ̀rọ apaná ti fà á rí, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó jù ú sílẹ̀ kó sá.

Iṣẹ́ gbígbé ẹni tó fara pa náà fẹ́ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ilé ìwòsàn Fásitì Port Harcourt wà ní Alakahia, ní òdìkejì ìlú. Èyí tó ń jẹ́ Braithwaite tẹ́lẹ̀, tí í ṣe ilé ìwòsàn fásitì ìpínlẹ̀ báyìí, wà ní Old GRA. Ta ló mọ èyí tó máa gba ẹni tí iná jó ní òru? Mọ́tò wo ni yóò gbé e, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà, ta ló lè wà á? Mo fẹ́ kí ìdáhùn wà lára ògiri kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń kígbe.

Orúkọ kíkà ni iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fojú kéré jù. Ní ibi àpéjọ, tí àwọn oníṣẹ́ epo ń pè ní muster point, ẹnì kan ní láti dúró pẹ̀lú ìwé kó sì ka orúkọ. Níbo ni orúkọ àwọn lébìrà tí wọ́n mú ní géètì láàárọ̀ wà? Àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ ńkọ́? Ìyá tó gbé oúnjẹ wọlé ńkọ́? Bí orúkọ kò bá pé, agbẹ̀mílà lè wọ inú iná lọ wá ẹni tó ti jókòó sílé, tàbí kí wọ́n fi ẹni tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ kó jóná. Ibi àpéjọ pàápàá gba ìrònú ní ìlú tí omi yí ká. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù àgọ́ ológun Ìkẹjà ń bú, kò sẹ́ni tó sọ fún ará Èkó ibi tí wọ́n máa sá lọ. Wọ́n sá nínú òkùnkùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì kú sínú kánáàlì Òkè-Àfà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Yáàdì tó kọ ẹ̀yìn sí omi gbọ́dọ̀ pinnu ṣáájú bóyá èbúté jẹ́ ọ̀nà àbájáde tàbí pàkúté, kó sì ní líìfù jákẹ́ẹ̀tì tó tó iye èèyàn tó lè sá débẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé àìṣe nǹkan ni olórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ táńkà tàbí inú ọkọ̀, ẹnì kan máa ń dúró lẹ́nu ihò. Ọ̀pọ̀ rò pé òun ni yóò wọlé lọ gbé ẹni tó bá dákú. Rárá o! Afẹ́fẹ́ tó da ẹni àkọ́kọ́ wó ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni kejì. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 1986 pé nínú àwọn tó ń kú sínú irú ibi há bẹ́ẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé: ọkùnrin kan wọ kànga lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, aládùúgbò tẹ̀ lé àbúrò. Ìfẹ́ ló ń pa wọ́n. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni ẹnu ihò ni kó má wọlé, kó fa okùn tó ti wà lára ẹni tó wà nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pariwo. Ó gba kí a kọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ohun tí a ń ní kó ṣe lòdì sí ọkàn èèyàn rere.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ń dùn mí. Òkírìkà, Ìkwẹré, Ògóni, Ìbìbìò, Ìgbò àti Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú àwọn yáàdì wọ̀nyí, ìwé ètò sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ìwé. Píjìn ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn ṣeré, Píjìn ni wọn yóò fi kígbe. Kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ wọn ní Píjìn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí gáàsì olóró jáde ní Bhopal, ní Íńdíà, ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1984, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aládùúgbò kú, bẹ́ẹ̀ aṣọ tútù lójú àti ìmọ̀ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ìbá gba ọ̀pọ̀ là. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí. Àwọn iléeṣẹ́ Port Harcourt ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CLO, tó ń bá àwọn baálẹ̀ àti ọ̀dọ́ ìlú sọ̀rọ̀, àmọ́ lórí iṣẹ́ àti owó ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kejì yìí: kí ìlú mọ ohùn agogo yáàdì, kí wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tó bá dún, kí CLO náà sì ní ìgbákejì tó ń sùn ní Abuloma.

Ìdánrawò ló kù. Rick Rescorla, olórí ààbò Morgan Stanley ní New York, ń mú àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀gá ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kọlu ilé kìíní nínú ilé gogoro méjì World Trade Center, wọ́n kéde ní ilé kejì, níbi tí Morgan Stanley wà, pé kí oníkálukú jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀. Rescorla kò fetí sí i, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Nínú nǹkan bí 2,700 òṣìṣẹ́, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yè tán. Òun padà gòkè lọ wá àwọn tó kù, kò sì bọ̀. Arábìnrin Henrietta Alokha ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abule-Ado, l'Ékòó, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem ni, ó kó àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà jáde nígbà tí ìbúgbàù wó ilé lé wọn lórí, ó sì kú níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní wákàtí yẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, síbẹ̀ ètò tó bá dúró lé orí pé akọni yóò wà níbẹ̀ kò tíì parí. Ètò gidi ni èyí tí ẹni lásán, tí oorun ń kùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, lè mú ṣẹ.

Èyí ni ìdí tí ìdánrawò aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́rú, tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Kí wọ́n ṣe é lóru. Kí wọ́n ṣe é nígbà tí omi bá fà, tí ọkọ̀ kò lè súnmọ́ èbúté. Kí wọ́n sọ fún fọ́ọ̀mànù pé òun ti kú, kí wọ́n wá wo ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ orúkọ olórí òru, ìgbákejì rẹ̀ àti ẹni kẹta mọ́ géètì lórí bébà tí wọ́n ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹni tó bá wá gba iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kà á sókè, ọlọ́dẹ náà pẹ̀lú, kí ó tó fọwọ́ síwèé.